Ṣé ara ọmọ mi yóò gba òtútù Alaska?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, rí ààyè láti lọ kàwé sí i ní Fairbanks, ní Alaska, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi bí ibẹ̀ ṣe rí hàn mí lórí fóònù, mo sì rí i pé òtútù ibẹ̀ máa ń dé −40. Láti ọjọ́ náà, mi ò sùn dáadáa. Ọmọ tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá ti dé, ìbọ̀sẹ̀ ló fi ń sùn! Báwo ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń ṣe é? Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ wọn gbóná ju tiwa lọ? Àwọn ẹranko tí kò ní aṣọ ńkọ́? Àbúrò bàbá rẹ̀ ní kí n di ògógóró díẹ̀ sínú ẹrù rẹ̀, ìyá ìjọ wa ní òrí ni kó máa fi para. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé kí n jẹ́ kó lọ?”

Màmá, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú oríire ọmọ. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ sì yé mi, nítorí ohun tí ìyá tèmi náà sọ nìyẹn nígbà tí èmi fẹ́ lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún tó lé ní ogún ṣe ní Abẹ́òkúta yìí ni kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ara ẹran ọ̀sìn ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo sì mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, mo lo ìgbà òtútù méjì ní Fairbanks yẹn gan-an. Èmi kì í ṣe dókítà èèyàn o. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan dókítà, n ó sọ fún yín.

Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló bí gbogbo wọn: pé òtútù jẹ́ ohun kan tí ń wọ inú ara, àti pé àwọn kan wà tí a dá lọ́nà tí kò fi lè wọ̀ wọ́n. Bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà nìyẹn, òtútù mú mi, òtútù wọ̀ mí lára. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ooru ara wa ń jáde lọ síta. Ẹ wo kúlà tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ lọ sí Ìtòkú. Kúlà kò ní iná nínú. Bí ẹ bá gbé láfún gbígbóná sí i, á gbóná di ọ̀sán. Bí ẹ bá kó omi dídì sí i, á tutù di ọ̀sán. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe fún méjèèjì, kì í jẹ́ kí ooru ráyè kọjá. Aṣọ, irun, ìyẹ́, ọ̀rá abẹ́ awọ, kúlà ni gbogbo wọn. Iná tó wà nínú ni oúnjẹ tí a jẹ. Ẹni tó ń gbé ní ìlú yìnyín, ohun méjì péré ló ń lépa láràárọ̀: kí iná inú má kú, kí kúlà má sì jò.

Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbóná ju tiwa lọ. Bí ẹ bá ti ohun ìwọn ooru sábẹ́ ahọ́n ọmọ Ẹ̀gbá kan, kí ẹ sì ti òmíràn sábẹ́ ahọ́n ẹnìkan ní Alaska, nǹkan bí 37°C ni ẹ ó rí lẹ́nu àwọn méjèèjì. Bí ó bá gòkè dé 39, ibà ni. Bí ó bá wálẹ̀ kọjá 35, ewu ti dé: ọ̀rọ̀ á máa lọ́ ẹni náà lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè de bọ́tìnì mọ́, yóò sì máa rò pé kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ní ọdún 1950, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Per Scholander, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì. Wọ́n wọn àwọn ẹranko ilẹ̀ olóoru ní Panama, wọ́n sì wọn àwọn ti Point Barrow, ní ìkángun Alaska lọ́hùn-ún, láti mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ná agbára bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tutù sí i. Ooru inú ara wọn kò fi ibi tí wọ́n ti wá yàtọ̀. Ẹ̀wù wọn ló yàtọ̀. Àwọn ti Panama ti ń wá igi kún iná inú wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà ní nǹkan bí 25°C, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun ti Point Barrow kò sì tíì gbọ̀n ní −40°C. Èèyàn tó bọ́ra sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ti Panama ló bọ́ sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rẹ̀ sílẹ̀ kọjá 27 tàbí 28, ara rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́. Bákan náà ni fún òyìnbó, bákan náà ni fún àwa. Gbogbo ọmọ aráyé, ẹranko ilẹ̀ olóoru ni wá. Ìbọ̀sẹ̀ tí ọmọ yín ń wọ̀ sùn nígbà ọyẹ́ kì í ṣe àìlera. Ara rẹ̀ ń sọ òótọ́ ni.

Ẹ béèrè nípa ẹranko, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè, nítorí lára wọn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Ọ̀rá abẹ́ awọ béárì funfun lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, irun rẹ̀ sì jẹ́ ìpele méjì: èyí tó gùn lókè ń lé omi àti afẹ́fẹ́ dànù, èyí tó kúrú tó sì ki nísàlẹ̀ ń há afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jiyàn bí mo bá sọ pé awọ béárì yìí dúdú, àti pé irun rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan; bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn káàkiri lára rẹ̀ ló mú kó funfun lójú wa, bí iyọ̀ ṣe funfun. Ẹ̀wù náà dára débi pé ìṣòro béárì ni kí ara rẹ̀ má gbóná jù bó bá sáré. Àbùùbùtán kan tún wà nínú òkun ibẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ sún mọ́ ìdajì mítà. Títóbi fúnra rẹ̀ náà jẹ́ ẹ̀wù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rò láfún fún ìnáwó mọ̀ pé ìkòkò ńlá á ṣì máa yọ èéfín nígbà tí ti inú abọ́ kékeré ti di. Ohun tó tóbi kò ní awọ púpọ̀ bí a bá fi wé ẹran inú rẹ̀, ibi tí ooru ń gbà jáde sì nìyẹn. Ìdí rèé tí etí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun fi kéré tó sì rí róbótó, tí etí ehoro ilẹ̀ gbígbóná sì fi gùn.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti pẹ́ńgúìnì. Pẹ́ńgúìnì àti béárì funfun kì í pàdé o, bí àwòrán ọmọdé bá tilẹ̀ ń kó wọn pọ̀. Béárì wà ní òkè ayé, pẹ́ńgúìnì wà ní ìsàlẹ̀, ní Antarctica, níbi tí wọ́n ti wọn −89.2°C ní ibùdó Vostok ní July 21, 1983. Kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tí wọ́n ti fi ohun ìwọn inú afẹ́fẹ́ ka òtútù tó tó bẹ́ẹ̀. Irú pẹ́ńgúìnì tó tóbi jù máa ń yé ẹyin nígbà òtútù gan-an. Ìyá á gbé ẹyin kan ṣoṣo fún bàbá, á sì padà sínú òkun lọ wá oúnjẹ. Bàbá á gbé ẹyin náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi awọ ikùn bò ó, á sì dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, láìjẹun, nínú òkùnkùn. Bí a bá ka ọjọ́ tó ti ń gbààwẹ̀ kí ẹyin tó dé mọ́ ọn, ó sún mọ́ oṣù mẹ́rin. Kí ni kò jẹ́ kí ó kú? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n á fún ara wọn pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ooru àárín agbo náà sì lè kọjá 30°C, ìyẹn bí ọ̀sán gangan wa níbí.

Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú, iná lọ lóru, ìkòkò èédú tí mo gbé sínú ilé àwọn òròmọdìẹ mi sì kú tí n kò mọ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ní ìdájí, wọ́n ti wọ́ jọ sí igun kan, ọ̀kan lórí èkejì. Àwọn tó wà lókè yè. Àwọn tó lé ní ogójì ti kú nísàlẹ̀, òtútù kọ́ ló sì pa wọ́n. Wọn kò rí èémí mí ni. Mo jókòó sórí garawa láàárín wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun tí òròmọdìẹ mọ̀ ni kí ó wọnú ooru. Kò mọ bí a ti ń jáde níbẹ̀. Pẹ́ńgúìnì mọ méjèèjì. Àwọn olùwádìí tó fi kámẹ́rà ṣọ́ wọn rí i pé láàárín ọgbọ̀n sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo agbo náà máa ń gbé ìṣísẹ̀ kékeré kan, kò ju ìka díẹ̀ lọ, ó sì ń lọ láti ẹnìkan sí ẹnìkejì bí omi tó ń rú. Díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wà létí, tí afẹ́fẹ́ ń gbá, á bá ara rẹ̀ láàárín, ẹni tó wà láàárín á sì bọ́ sétí. Màmá, bí ọmọ yín bá débẹ̀, kó wá agbo tirẹ̀ kí òtútù tó le. N ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹsẹ̀ ẹyẹ kò ní ìyẹ́, orí omi dídì ló sì ń dúró lé. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bọ̀ láti ọkàn àti iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ tútù padà láti ẹsẹ̀ fara kan ara wọn lójú ọ̀nà, bí èrò ọjà tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró. Èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ á gbé ooru rẹ̀ fún èyí tó ń gòkè. Ẹ̀jẹ̀ tó bá fi máa dé àtẹ́lẹsẹ̀ ti tutù, kò sì ní ooru púpọ̀ tí yìnyín lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kàn gbóná díẹ̀ ju kí ó dì lọ. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń wẹ̀ ní odò Ògùn náà ní irú iṣan bẹ́ẹ̀, àmọ́ odò wa kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja inú òkun Antarctica ń gbé nínú omi tó tutù tó −1.9°C, tí iyọ̀ nìkan kò jẹ́ kó dì. Ní àwọn ọdún 1960, Arthur DeVries rí i pé èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rún omi dídì kékeré kí ó má lè dàgbà.

Àwọn mìíràn kò bá òtútù jà rárá. Ikún kan wà ní àríwá Alaska tó máa ń wọ ihò lọ sùn fún oṣù méje tàbí mẹ́jọ. Ní 1989, Brian Barnes ní yunifásítì tí ọmọ yín ń lọ yìí tẹ̀ ẹ́ jáde pé inú ara ikún náà lè tutù tó −2.9°C kó má sì dì, kó má sì kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi gbóná padà, lẹ́yìn náà á tún sùn. Àkèré igbó wọn tún ya èèyàn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á sá sábẹ́ ewé gbígbẹ, á sì dì gbagidi bí ẹja inú fírísà. Ọkàn rẹ̀ á dúró, kò ní mí. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á ti tú ṣúgà púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ kí inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ má baà dì, omi tó wà láàárín wọn nìkan ló ń dì. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Nígbà tí yìnyín bá yọ́, ọkàn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, àkèré á sì fò lọ. Mo ti mú ọ̀kan lọ́wọ́ tó le bí òkúta, mo sì padà wá ní ọjọ́ kejì bá a tó ń ṣẹ́jú sí mi.

Ní ti èèyàn, a kò lè dì bí àkèré, a kò sì ní irun bíi béárì. Ọgbọ́n la fi ń ṣe é, èyí tó sì dára jù nínú ọgbọ́n náà ti pẹ́ kí fíríìjì tó dé ayé. Àwọn Inuit, onílé ilẹ̀ yìnyín òkè ayé, ń fi awọ àgbọ̀nrín ilẹ̀ wọn rán ẹ̀wù méjì: irun ti inú kọjú sí ara, irun ti òde kọjú síta, méjèèjì sì fẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó ti gbóná lè jókòó láàárín. Bí wọ́n bá wà lójú ìrìn, wọ́n á fi yìnyín kọ́lé. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Yìnyín tó ṣùjọ kún fún afẹ́fẹ́, bíi foomu funfun inú kúlà gẹ́lẹ́. Ẹnu ọ̀nà á wà nísàlẹ̀, ibùsùn á wà lókè níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ, fìtílà ọ̀rá ẹran omi á sì máa jó láàárín. Ìyá tó bá rí fìtílà náà, òkúta tí wọ́n gbẹ́ tí òwú wà létí rẹ̀, á mọ̀ pé ọmọ ìyá fìtílà epo tiwa ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń jẹ ọ̀rá, torí igi tó ń jó pẹ́ nínú iná ara ni.

Ṣé kò wá sí ìyàtọ̀ kankan nínú ara wọn ni? Díẹ̀ wà. Iná inú ara wọn ń jó díẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 lórí àwọn Inuit Greenland sì rí ìyípadà nínú jíìnì, àbùdá tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ òbí, tó ń darí bí ara ṣe ń lo ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bọ́ ẹ̀wù lára Inuit kan ní −40, òun náà á kú. Ní Yakutsk, ní Rọ́ṣíà, àwọn èèyàn tó lé ní 300,000 ń lọ sí ọjà àti ilé ìwé nínú oṣù Jánúárì tí ìpíndọ́gba òtútù rẹ̀ sún mọ́ −40, ẹja dídì sì wà ní òró lórí àtẹ bí igi ìdáná, láìsí fírísà. Ẹ̀wù àti ilé ló ń gbé wọn ró.

Bí ẹ bá sì ń rò ó pé àwọ̀ dúdú kò bá yìnyín mu, ẹ gbọ́ nípa Matthew Henson. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n bí i ní Maryland ní 1866. Òun àti Robert Peary, ọ̀gá ìrìn àjò náà, pẹ̀lú àwọn Inuit mẹ́rin ni wọ́n jọ lọ ibi tí wọ́n kà sí orí ayé pátápátá ní April 1909. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ojúkò náà gan-an ni wọ́n dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé Henson ló mọ bí a ṣe ń darí ajá tó ń fa ẹrù lórí yìnyín jù nínú àwọn àlejò náà, òun ló sì gbọ́ èdè Inuit dáadáa. Ó wọ ohun tí wọ́n wọ̀, ó jẹ ohun tí wọ́n jẹ. Nítòsí wa níbí, Tété-Michel Kpomassie, ọmọ Togo, dé Greenland ní 1965, ó bá àwọn onílé gbé, ara rẹ̀ sì gbà á. Àwọn méjèèjì ṣe ohun kan náà: wọ́n jẹ́ kí onílé kọ́ wọn.

Wàyí o, Fairbanks fúnra rẹ̀. Ẹ má fi −40 sùn ní gbogbo òru. Inú oṣù Jánúárì sábà máa ń wà láàárín −20 sí −30. −40 máa ń wá fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó lọ. Ó wà ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí gúúsù ìlà tó jẹ́ pé lókè rẹ̀, ọjọ́ wà tí oòrùn kì í yọ rárá. Ní Fairbanks ó máa ń yọ, ṣùgbọ́n ní òpin Disẹ́ńbà kì í lò tó wákàtí mẹ́rin. Oore kan wà níbẹ̀: afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ púpọ̀ nígbà òtútù. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Paul Siple àti Charles Passel gbé omi sínú ike kọ́ sójú afẹ́fẹ́ ní Antarctica, wọ́n sì ka iye àkókò tó gbà kí ó tó dì. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó ni omi náà ń yá dì tó, torí afẹ́fẹ́ ń gbá ooru kúrò lẹ́bàá ara kó tó lè jókòó. Bí ó bá dé −40, irun inú imú á gan lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ bá mí, mẹ́kúrì inú ohun ìwọn á ti dì, èéfín ọkọ̀ á sọ gbogbo títì di kùrukùru, wọ́n á sì ki wáyà iná bọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò lóru kó lè jí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé wọn gbóná! Èmi tí mo ti gbọ̀n nínú ilé ní Ìbarà nígbà ọyẹ́, singiléètì ni mo ń wọ̀ nínú ilé ní Fairbanks. Ẹnu ọ̀nà wọn jẹ́ méjì, ìlẹ̀kùn kan lẹ́yìn òmíràn, kí ooru má sá.

Ohun tí n kò ní fi pamọ́ fún yín ni ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Nígbà tí òtútù bá le, ara á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ìka pa kí ooru lè kù fún ọkàn àti ọpọlọ. Ó fẹ́ kí ìka ṣòfò kí èèyàn má kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣan náà á tún ṣí díẹ̀, á tún pa, ohun tí Thomas Lewis ṣàlàyé ní 1930. Ìwádìí láàárín ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé iṣan ìka àwa aláwọ̀ dúdú máa ń fún pọ̀ jù, ó sì máa ń pẹ́ kó tó ṣí. Òtútù ń jẹ ìka wa ju ìlọ́po méjì bó ṣe ń jẹ ti àwọn òyìnbó lọ. Ìyẹn kò sọ pé kó má lọ. Ó sọ pé ìbọ̀wọ́ tó tó fún ẹni tó bá a rìn lè má tó fún un, kó má sì jẹ́ kí ojú tì í láti kọ́kọ́ wọlé. Kó ra ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé inú yàrá kan, torí ìka tó dá wà máa ń tutù ju èyí tó ní ará lọ. Lára wa, àmì rẹ̀ kì í pọ́n. Awọ á rí bí eérú, á le, kò sì ní dùn ún mọ́. Ìgbà tí ìrora bá dáwọ́ dúró ni kó bẹ̀rù jù. Kó má fọwọ́ ra ibẹ̀, kó má na ọwọ́ síná tí kò lè mọ̀ bí ó bá ń jó o. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí ooru ara ni kó ki í bọ̀, kó sì lọ rí dókítà.

Ohun kejì ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe gbígbóná rẹ̀, jẹ́nótáìpù rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ SS tàbí SC, òtútù wà lára ohun tó ń jí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde, mo sì bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san owó kankan. Ìmọ̀ràn mi kò gbọdọ̀ rọ́pò tirẹ̀. Bí ó bá ní ikọ́ fée, ọ̀rọ̀ dókítà náà ni, torí afẹ́fẹ́ tútù gbígbẹ máa ń fún ọ̀nà èémí pa. Awọ dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ kó tó lè ṣe fítámì D, oòrùn yẹn kò sí níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Kó béèrè fún oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ilé ìwé.

Ògógóró, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù náà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú àbúrò bàbá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, àyà sì máa ń gbóná lóòótọ́ béèyàn bá mu ún. Ọtí ń ṣí iṣan abẹ́ awọ tí ara ti fi ọgbọ́n pa, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á dà síta, awọ á sọ pé ó dára, inú ara á sì máa tutù. Bí ẹni tó ṣí ọmọrí kúlà láti yá ọwọ́ ni. Òrí wúlò fún ètè àti gìgísẹ̀ tó ń là, torí afẹ́fẹ́ inú ilé wọn gbẹ ju ti ọyẹ́ lọ. Kó di ìgò méjì dání. Ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ojú kúrò lọ́wọ́ òtútù tó ń jẹ awọ, ó sì lè mú kó rò pé òun ti ní ààbò. Síkáàfù irun àgùntàn ni kó fi bojú.

Ẹ ó fẹ́ ra kóòtù fún un kó tó lọ. Mo mọ̀ pé òkìrìkà tó dára wà ní Láfẹ́nwá, ẹ sì lè rí ohun tó tó fún ọjọ́ tó bá bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó máa wọ̀ ní −40, kó rà á níbẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Owó ni kí ẹ dì fún un. Bàtà ńkọ́? Kó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kí ìbọ̀sẹ̀ méjì lè wọ̀ ọ́ láìfún ẹ̀jẹ̀ pa. Bí ilé ìwé bá jẹ́ kó yan ìgbà tí yóò dé, kó mú August, kó má mú January. Ní August, ọ̀sán ibẹ̀ kò tutù ju àárọ̀ ọyẹ́ wa lọ, òtútù á sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́ ọ, ojú rẹ̀ á rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń múra. Kó lo oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ láti wá agbo rẹ̀: ìjọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Ìgbà òtútù mi àkọ́kọ́, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, òkùnkùn náà sì wọ̀ mí lọ́kàn ju òtútù lọ. Ìgbà kejì, ìdílé kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé mi ń pè mí jẹun ní ọjọọjọ́ Sátidé, òtútù tó le jù ti àkọ́kọ́ sì kọjá lórí mi. Bí ó ṣe máa rí fún ọmọ yín, n kò lè fi dá yín lójú. Ọkàn kan kò jọ èkejì.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ jẹ́ kó lọ. Bí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá dára, tí ó sì fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó lọ. Mo sì rò pé ẹ ti ń rán àdìrẹ tó máa gbé dání. Òwú ni àdìrẹ, òwú sì máa ń mu òógùn. Tó bá ti tutù mọ́ ara níta, á máa fa ooru lọ. Nítorí náà kó má ṣe wọ̀ ọ́ sábẹ́ kóòtù, irun àgùntàn tàbí pọ́líésítà ni kó kan awọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé wọn gbóná, màmá, bí mo ṣe sọ. Ẹ rán an púpọ̀, ẹ rán ti àlejò mọ́ ọn. Inú ilé ni yóò ti máa wọ̀ ọ́.